Ọwọ́ Secondina àti Ẹkún Frullino

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ Secondina Gribaudo ló kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ̀rọ sinimá, ẹ sọ fún un pé Clelia ní irọ́ ló ń pa. Ọkọ tí wọ́n ń wí yẹn, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Kò lè kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri kó má fi òòlù lu ara rẹ̀ lọ́wọ́. Secondina fi ojú jí iṣẹ́ yẹn kọ́ ni, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tó ń jí i.

Ilé sinimá Iride ni, ní àdúgbò wa ní Borgo San Paolo, ní ìlú Torino. Ọ̀gbẹ́ni kan tí à ń pè ní Monsù Pautasso ló ni ín, èmi ni mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àbúrò mi kú, kò fi lira kan sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, Secondina sì tún ní ìyá arúgbó kan tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Mo bẹ Monsù Pautasso títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi kó tó gbà pé kó máa wá gbálẹ̀. Ọkùnrin ará Asti kan ló ń yí ẹ̀rọ nígbà yẹn, ọ̀mùtí paraku. Ọjọ́ kan kò yọjú. Ilé ti kún, àwọn èrò ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, Monsù Pautasso ń làágùn bí ẹni tó ń yan búrẹ́dì nídìí ààrò. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, aṣọ funfun tó wà níwájú mọ́lẹ̀ yòò, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A sáré gòkè. Secondina la bá nínú yàrá ẹ̀rọ, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń yí i, ìgbálẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri.

Monsù Pautasso ní, "Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

Secondina kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Ṣé kí n dáwọ́ dúró ni, ọ̀gá?"

Ọ̀gá fetí sílẹ̀. Ariwo ti rọlẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní, "Máa yí i lọ." Ọdún 1907 nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí máa fi ṣẹlẹ̀, ó ti yí i fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé sinimá tó ń sọ̀rọ̀ lẹ bá láyé, ẹ lè má mọ̀ pé apá ènìyàn ló ń gbé sinimá rìn nígbà yẹn. Bí apá bá yára, àwọn tó wà nínú àwòrán á yára. Bó bá rọra, àwọn náà á rọra. Fíìmù ẹlẹ́rìn-ín, kíákíá la máa ń yí i, torí bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè máa ta kiji kiji bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Fíìmù ẹkún, bí ènìyàn gidi ṣe ń rìn la máa ń yí i. Kò sí aago nínú yàrá ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló mọ bó ṣe ń ka tirẹ̀. Ẹnu ni Secondina fi ń kà á. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rín, orin ijó ìkórè abúlé wọn ní Poirino ló máa ń kùn lábẹ́nú, apá rẹ̀ á sì máa bá orin náà lọ. Bó bá jẹ́ ti ẹkún, "Mo kí ọ, Màríà" ló máa ń kà. Àdúrà kan, ìyípo mẹ́rìnlélógún. Kì í lé, kì í dín.

Àlùfáà wa, Don Bava, gbọ́ nípa rẹ̀, ó pè é, ó ní kò tọ́ kí ó máa fi àdúrà mímọ́ yí àwòrán àwọn obìnrin tó ń gbé májèlé jẹ nítorí ọkùnrin. Secondina ní kò burú, òun á máa fi orin ijó yí gbogbo rẹ̀, títí kan fíìmù ìjìyà Olúwa tí Don Bava fúnra rẹ̀ máa ń mú wá lásìkò Lẹ́ńtì. Don Bava kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín dé ọ̀dọ̀ Frullino. Evasio Ferraudo lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, òpópónà kẹta sí tiwa ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Frullino ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí nínú fíìmù. Ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ ni, tó ní ojú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Òun ló ń kọ ìtàn rẹ̀, òun ló ń darí rẹ̀, òun náà ló tún ń ṣe é. Ó máa ń jábọ́ sínú agbada ọṣẹ, ó máa ń jábọ́ láti ojú fèrèsé, alásè á máa lé e, ọlọ́pàá á máa lé e, ìyàwó ọlọ́pàá náà á máa lé e. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í fi í hàn. Bí fíìmù rẹ̀ bá sì wà, ó máa ń wá jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá láti gbọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á yọjú sókè, á ní, "Secondina, apá ńkọ́?" Secondina á ní, "Apá ń bẹ níbi tó wà. Ìdí tìrẹ ńkọ́?"

Ọjọ́ kan nínú oṣù Bélú ló dúró níwájú fèrèsé mi, kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò lọ.

Ó ní, "Madama Clelia, mo fẹ́ ṣe fíìmù tí ẹnì kankan ò ní rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀."

Mo ní, "O ti ṣe é. Èyí tí adìyẹ ti ń lé ẹ nínú bárékè yẹn."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ẹni ogójì ọdún ni, n kò sì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bàbá òun kú nígbà tí òun wà lókè àtẹ̀gùn kan tí òun fẹ́ jábọ́ lórí rẹ̀, wọ́n ní kí òun kọ́kọ́ jábọ́ tán kí wọ́n tó sọ fún òun. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ìtàn mẹ́ta ti wà nínú òun tí kò sí ìjábọ́ kankan nínú wọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo sì sọ fún un pé kó lọ ṣe é kó yéé dí mi lọ́nà.

Ó ṣe ọ̀kan. Ó ta ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó lè fi kún owó ilé iṣẹ́ fíìmù, torí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní, ta ló fẹ́ wo Frullino kó máa sunkún? Wọ́n fún un ní àyè ẹyọ kan: ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde àti Mọ́ńdè Àjíǹde, ní Iride, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n sunkún, wọ́n á ju fíìmù náà sí àjà ilẹ̀, Evasio á fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́ta láti máa jábọ́, kò sì ní dárúkọ ìtàn méjì tó kù mọ́ láé.

Abọ́ Ọmọ lorúkọ fíìmù náà. Ìtàn rẹ̀ kò le. Ọkùnrin kan ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó lọ ń gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ òkè fún ọkọ̀ ojú irin. Òkè wó lu ọmọ náà. Lẹ́tà dé ọwọ́ bàbá, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà lórí àìsàn, ó ń retí ọmọ, bàbá kò sì lè sọ fún un. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ó máa ń tẹ́ tábìlì fún ẹni mẹ́ta kí ìyàwó lè gbọ́ ìró abọ́ mẹ́ta láti orí ibùsùn. Kò sí alásè, kò sí agbada ọṣẹ.

Ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde pé. Evasio gbé páálí méjì tó kó fíìmù náà sí gòkè fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì wò ó nílé wa. Ó ní, "Secondina, ti ẹkún ni o."

Secondina ní, "Mo ti gbọ́. Àdúrà ti wà lẹ́nu mi kó o tó dé."

Aago mẹ́ta ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára: òkè tó ní yìnyín lórí, akólẹ́tà tó ń gun ọ̀nà bọ̀, obìnrin tó dùbúlẹ̀. Gbogbo ilé parọ́rọ́. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí nínú àwòrán, Evasio wọlé, ó yíjú sí wa. Bí wọ́n ṣe rí ojú yẹn, ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan kò burú, ẹ̀rín ìfẹ́ ni, ẹni wọn ni wọ́n rí. Ohun tó burú wà lókè. Secondina ti ń rí ojú yẹn, ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, orin ijó Poirino ló sì máa ń bá a rìn. Apá rẹ̀ kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúrà kúrò lẹ́nu, orin bọ́ sí i, kò sì mọ̀.

Ẹ wá wò ó. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú sáré gbé abọ́ kẹta lé tábìlì, ó sáré gbé e kúrò, ó sáré gbé e padà, ó fọwọ́ bo ojú páú, ó ṣí i páú, ó gbá abọ́ náà mọ́ra bí ẹni tó jí adìyẹ gbé. Celestino arúgbó tó ń tẹ dùùrù fún wa, ohun tí àwòrán bá ṣe lòun náà máa ń ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí dùùrù. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi ń jáde lójú wọn. Ìyàwó tó wà lórí àìsàn dìde bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún nídìí. Ọkùnrin kan jábọ́ lórí àga. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́ fún yín. Mo fi ìborùn dí ẹnu.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí Evasio tó dúró ti ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di fìlà mú níwájú ikùn. Kò dúró kó parí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó jáde sí ojú títì.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ fíìmù rán wá, Cavalier Osella, ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n tó gún bí ìmú abẹ́rẹ́, dé ọ̀dọ̀ Monsù Pautasso níwájú fèrèsé mi. Ó ní, "Ó parí. Mo máa wá kó o láago mẹ́wàá ọ̀la, ẹ lọ fi àwọn ti tẹ́lẹ̀ hàn. Kí ọ̀gbẹ́ni yẹn ra ṣòkòtò tó nípọn, ó máa jábọ́ dáadáa lọ́dún yìí."

Àwọn èrò túká. Mo wọlé láti bá Secondina gbálẹ̀, mo bá a tó jókòó sórí àga iwájú, ìgbálẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé aago ṣọ́ọ̀ṣì ti lù?"

"Ti aago mẹ́rin? Rárá."

"Fíìmù yẹn yẹ kó gba wákàtí kan."

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Aago mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti lọ sílé, aago mẹ́rin kò tíì lù. Orin ijó ni mo fi yí i, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ títí ó fi parí tí mo gbọ́ orin náà lẹ́nu ara mi."

Aago lù bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín ló padà wá síwájú mi, mo sì rí ohun tó yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, ojú sì ń tì mí títí dòní. Mo ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní kó o pa ẹnu ẹ mọ́. O mọ̀ pé Pautasso ń gbé ìwé kan kiri nínú àpò, tí wọ́n ya ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní ìlú Milano sí, èyí tó ń fi iná mànàmáná yí ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá, kí apá ẹ ṣe àṣìṣe. Bó o bá sọ èyí fún un, ìwọ àti ìyá ẹ máa jẹ kí ni? Àwòrán?"

Ó ní, "Evasio ńkọ́?"

"Evasio á padà síbi ẹ̀rín. Ẹ̀rín kì í pa ènìyàn."

Ó wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Ó ní, "Mo pa ọmọ ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ ń ní kí n dákẹ́." Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìlà ẹ̀yìn. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi ti ilẹ̀kùn. Ó dùn mí, torí n kò ní àbúrò mìíràn.

Mọ́ńdè Àjíǹde, gbogbo Torino máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ gun orí òkè lọ jẹun lórí koríko. Òjò kò gbà. Láti òwúrọ̀ kùtù ló ti ń rọ̀ bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Aago mẹ́wàá lù, Cavalier Osella dé pẹ̀lú agbòjò. Evasio náà dé, kò ní agbòjò, omi ń kán létí fìlà rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun gbé fíìmù náà wọ inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Monsù Pautasso ń ṣe ojú àánú, ẹ sì mọ̀ pé ojú yẹn kò bá a mu.

Secondina sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú páálí méjèèjì. Ó gbé wọn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, àṣìṣe mi ni. Mo fi orin ijó ti ẹ̀rín yí fíìmù ẹkún. Ọmọ aráyé ò mọ ohun tí wọ́n wò lánàá. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà mí, wákàtí kan ló yẹ kó gbà."

Monsù Pautasso ti ọwọ́ bọ àpò àyà, mo sì mọ ohun tó ń mú jáde. Ó ṣí ìwé Milano yẹn, ó gbọ̀n ọ́n níwájú gbogbo wa. Ó ní, "Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n kò wí? Ẹ̀rọ kì í kọrin!"

Evasio kò wo ìwé kankan. Secondina ló ń wò. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní, "Orin wo lo kọ?"

"Ti ìkórè. Ti abúlé wa."

"O fi orin ìkórè yí abọ́ ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ilẹ̀ ìyá mi ni mo tà, Secondina. Mo dúró níbẹ̀ yẹn lánàá, mo sọ nínú ara mi pé òótọ́ ni wọ́n sọ, pé òmùgọ̀ ni mí, pé ojú mi kò dára fún nǹkan kan ju kí wọ́n fi lu ilẹ̀ lọ. N kò sùn. Mo jókòó, mo ń sọ fún ara mi pé òmùgọ̀ ni mí." Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó fi fìlà tútù bo orúnkún. Mo rò pé ó máa bú u. Ó yẹ kó bú u. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè sí Osella, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lónìí. Ẹ ti fún mi ní ọjọ́ méjì tẹ́lẹ̀."

Osella wo òjò. Kò sí ibi tó ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín, mi ò fẹ́ gbọ́ ìtàn apá ẹnikẹ́ni mọ́."

Monsù Pautasso ní, "Ta ló máa yí i?"

Evasio ní, "Òun ni."

Ọ̀gá yíjú sí Secondina, ó ń fi ìwé náà na ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lónìí, ọ̀la ni mo kọ̀wé sí Milano. Kó o gba ọ̀dọ̀ ìyá ẹ lọ láti orí àtẹ̀gùn yẹn, má tiẹ̀ wọlé kí mi." Secondina ní òun ti gbọ́.

Ohun tí kò sẹ́ni nínú wọn tó rò, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i láti ojú fèrèsé mi. Òjò ti lé gbogbo àdúgbò kúrò lọ́nà òkè, wọ́n sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wá lánàá pé Frullino tuntun ti dé, pé kò sí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ wọn, ẹyin sísè, sọ́séèjì, ìgò wáìnì, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín láti ojú títì. Ẹ̀rín ni wọ́n wá rà lọ́wọ́ mi. Domitilla tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tábà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tó ti ọkùnrin mẹ́ta, ló wà níwájú.

Mo ní, "Domitilla, ti ẹkún ni o. Sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ."

Ó kígbe sẹ́yìn, "Ẹ gbọ́, Madama Clelia ní ti ẹkún ni!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá fèrèsé mi. "Ẹ má tàn wá. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára lánàá nítorí abọ́ yẹn."

Ìrètí mi kú. Mo ta gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tí kò rí àyè dúró sínú òjò de ìgbà kejì. Lẹ́yìn náà mo ti àpótí owó, mo lọ dúró lẹ́nu aṣọ ìkélé lẹ́yìn wọn. Evasio wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Iná kú. Òkè, akólẹ́tà, obìnrin tó dùbúlẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ojú Evasio.

Ilé mì tìtì fún ẹ̀rín. Ẹnì kan ké pé, "Jábọ́ fún wa, Frullino!" Mo di apá Evasio mú. Lókè lọ́hùn-ún mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ, tá, tá, tá, kò yára, kò sì dẹwọ́. Ẹ̀rín yẹn ń pe apá Secondina bó ti máa ń pè é, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ẹ. Nínú àwòrán, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú lẹ́tà. Ó dúró pẹ́. Ẹ̀rín ń dúró pé kó ṣe nǹkan, kò ṣe nǹkan, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán díẹ̀díẹ̀ bí ọtí ìsàlẹ̀ ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ tábìlì. Abọ́ kan. Abọ́ kejì. Ó mú ẹ̀kẹta. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lápá òsì, Domitilla yíjú sí i, ó ní, "Pa ẹnu ẹ dé." Ó ń bó ẹyin lọ́wọ́, ó sì gbàgbé rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́.

Ọkùnrin náà gbé abọ́ kẹta sílẹ̀. Ó wò ó. Ó gbé e kúrò, ó fẹ́ fi pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rántí pé ìyàwó ń fetí sílẹ̀, ó padà, ó gbé e sílẹ̀ kó lè dún. Ohun kan náà ni tàná, àwòrán kan náà, kò sí ohun tí wọ́n yọ, kò sí ohun tí wọ́n fi kún un. Nígbà tó gbá a mọ́ àyà, a rí ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá ibi tó máa di mú. Celestino gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, kò sì dá a padà síbẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan la ń gbọ́.

Ní ìparí, ìyàwó dìde lórí ibùsùn, ó rọra di ògiri mú títí ó fi dé ìdí tábìlì. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó bu ọbẹ̀ sínú abọ́ ọmọ, ó tì í síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́. Ó tán. Aṣọ funfun dúró lásán, mo tan iná.

Mo ń gòkè lọ bá Secondina, mo pàdé rẹ̀ lójú àtẹ̀gùn. Ó ti de ìborùn, ó ti ká ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ apá, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó ní, "Wọ́n ti lọ, àbí?"

"Àwọn wo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tàn mí. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan lókè àyàfi ẹ̀rín àti ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dìde. Ilé ti ṣófo, mo ṣáà ń yí i fún àga. Mo kà á dáadáa, mo búra, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan."

Mo fà á lọ́wọ́, mo mú un dé ẹnu aṣọ ìkélé, mo fa aṣọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Iná ti tàn, fíìmù ti tán, kò sí ẹni kan tó dìde. Wọ́n jókòó pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ irin, tí wọn kì í sunkún níbi òkú, ń wo aṣọ funfun lásán níwájú. Domitilla ti fọwọ́ bo ojú. Osella dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń nu awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ṣì ń nù ún. Mo gbọ́ tó sọ fún Evasio láìgbójú sókè pé, "Mú ìtàn méjì yòókù wá lọ́la." Evasio kàn ń mi orí pé òun ti gbọ́.

Secondina fi ọwọ́ ọ̀tún di ìborùn mi mú, ó wò wọ́n, ó wò wọ́n títí. Inú mi dùn débi tí mo fi fẹ́ jà.

Monsù Pautasso ti ẹ̀yìn wa dé kíákíá, ó ti ń fọwọ́ kó wa. Ó ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́ tó o wọ ìborùn, Secondina? Ó ti sú ẹ ni? Padà sókè, jàre. Àwọn tó wà níta ń dúró nínú òjò. Clelia, lé àwọn eléyìí jáde."

Secondina kò kúrò níbi tó dúró. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ná, ọ̀gá."

Monsù Pautasso, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lọ́fẹ̀ẹ́ rí láyé rẹ̀, yọrí wo inú ilé. Ó wo Domitilla, ó wo àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ irin. Ó ṣí fìlà, ó wá àga kan nílà ẹ̀yìn, òun náà jókòó.